"Bóòtù 14" tí wọ́n ní kí ẹ rà: 14 yẹn, nọ́ńbà sípánà ni

Ìyá Ìbejì láti Ṣúrùlérè ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Muscle 2008 ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n tú alternator ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún mọ́tò), bóòtù kan sọnù níbẹ̀, mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra bóòtù 14. Mo dé Ládípọ̀, ẹni tó ń tà á bi mí pé mìlímítà ni àbí ínṣì, coarse ni àbí fine, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ dáhùn. Mo ra mẹ́ta, sípánà 14 ń gba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọlé tán, wọ́n á yí díẹ̀ wọ́n á dì. Mẹkáníìkì wá ní mọ́tò Amẹ́ríkà ni, ínṣì ni bóòtù ẹ̀, pé kí òun kúkú fi sípánà gígùn tì í wọlé. Mo ní kó dúró ná. Ọkọ mi náà ní Explorer 2005, lọ́sẹ̀ tó kọjá fọ́kanáísà fi nọ́ọ̀tì méjì tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ kan, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?"

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ní kó dúró. Ká ní ó fi sípánà gígùn tì í ni, ọ̀rọ̀ bóòtù kan ṣoṣo tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ì bá di ọ̀rọ̀ ara ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀, torí alumíníọ̀mù ni block ẹ́ńjìnì Camry yín yẹn, bóòtù tí ẹ rà sì jẹ́ irin, bí irin àti alumíníọ̀mù bá ń jà nínú ihò kan, alumíníọ̀mù ló máa ń kú.

Ibi tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ní Èkó wa níbí, nọ́ńbà sípánà la fi ń pe bóòtù. Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mùṣin nìyẹn, "gbé bóòtù 12 wá, wá 17 méjì fún mi", ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù torí bóòtù tí a tú lára mọ́tò náà la tún ń dá padà sára ẹ̀. Ọjọ́ tí bóòtù bá sọnù tí ẹ bá gbé ẹnu yẹn dé ọjà lẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ò pé. 14 yẹn, fífẹ̀ orí bóòtù ni, ibi tí sípánà ń gbá mú, kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ara tó ń wọ inú ihò. Ẹ wò ó báyìí: èèyàn méjì lè dé fìlà tó dọ́gba, ṣé ẹ máa torí ìyẹn sọ pé bàtà kan náà ló máa gba àwọn méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà hàn yín, mìlímítà ni gbogbo wọn. Lára Toyota, Honda àti àwọn mọ́tò Japan tó kù, bóòtù tí orí ẹ̀ jẹ́ 10, ara ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 6, èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ 12, ara ẹ̀ 8, èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ 14, ara ẹ̀ 10, èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ 17, ara ẹ̀ 12. Tí ẹ bá wá lọ sọ́dọ̀ Mercedes tàbí Volkswagen, ara 8 yẹn kan náà, orí 13 ló máa ń dé. Ara 10 náà, àwọn Jámánì ti fi orí 17 sí i fún ọdún pípẹ́, èyí tó ń jáde lẹ́yìn náà jẹ́ 16. Nítorí náà orí 17 lè jẹ́ ara 12 lára Corolla, kó jẹ́ ara 10 lára Benz àtijọ́, sípánà kan náà sì ni ẹ fi tú méjèèjì o.

Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́jà, nọ́ńbà mẹ́ta ni. Èkíní ni bí ara bóòtù ṣe nípọn tó láti ìta tẹ́rẹ́ẹ̀dì (eyín tó yí ara bóòtù ká) sí ìta tẹ́rẹ́ẹ̀dì, òun ni wọ́n ń kọ M sí iwájú ẹ̀, M10 túmọ̀ sí mìlímítà 10. Èkejì ni àlàfo láti eyín tẹ́rẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, òun ni wọ́n ń pè ní pitch, 1.25 tàbí 1.5 tàbí 1.0. Ẹ̀kẹta ni gígùn, láti abẹ́ orí lọ sí ìdí, ẹ má ka orí mọ́ ọn. Torí náà M10 × 1.25 × 40 ti kúrò ní "bóòtù 14", ó ti di nǹkan kan pàtó tí ẹni tó mọṣẹ́ á na ọwọ́ mú láì bi yín ní ìbéèrè mìíràn.

Lára Toyota, orí 14 yín yẹn, M10 × 1.25 ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú páálí àwọn tó ń ta bóòtù tuntun ni M10 × 1.5, torí òun ni coarse (èyí tí eyín ẹ̀ jìnnà síra, fine ni èyí tí eyín ẹ̀ sún mọ́ra) tí gbogbo ayé ń lò fún ilẹ̀kùn irin, jẹnerétọ̀, àga, gbogbo nǹkan. Mi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tó jọ lójú mi ni pé bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tà fún yín, 1.5 kan náà ni gbogbo wọn, gígùn wọn ló yàtọ̀. Bí 1.5 bá wọ ihò 1.25, ó máa yí bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, á wá dì gbagidi, ohun tí ẹ júwe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ yẹn eyín wọn ò tíì yà jìnnà síra, tó bá di ìkẹta ìkẹrin, eyín bóòtù ti ń gun orí eyín ihò. Ẹni tó bá wá gbé páìpù sí ẹ̀yìn sípánà níbẹ̀, ó ń gbẹ́ ihò tuntun lórí ti àtijọ́ ni, bóòtù á wọlé lóòótọ́, á tún le dáadáa lọ́wọ́, inú ẹni tó dì í á dùn, títí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì á fi jẹ ìwọ̀nba eyín tó kù.

Ìbéèrè "coarse ni àbí fine" tí ọkùnrin yẹn bi yín, kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. 1.25 ni coarse fún M8, òun kan náà ló tún jẹ́ fine fún M10 àti M12. Àwọn ará Japan fẹ́ràn 1.25 yìí gan-an ni, wọ́n fi sí 8, wọ́n fi sí 10, wọ́n fi sí 12. Ẹ má sọ coarse, ẹ má sọ fine, nọ́ńbà ni kí ẹ sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "mọ́tò Amẹ́ríkà". Ibẹ̀ yẹn ni mẹkáníìkì yín ti ṣì í, òun nìkan kọ́ sì ni, mo ń gbọ́ ọ káàkiri láti Ìpájà títí dé Ìdúmọ̀tà. Pé wọ́n gbé mọ́tò wá láti Amẹ́ríkà ò sọ bóòtù ẹ̀ di ínṣì. Camry tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú wọn, Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń tò ó láti 1988, mìlímítà ni wọ́n sì fi ń tò ó, bíi ti Japan. Ẹ wo nọ́ńbà VIN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, bó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó, bó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni, bóòtù alternator méjèèjì, mìlímítà. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra wọn, GM àti Ford, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kó lọ sí mìlímítà. Mọ́tò Amẹ́ríkà tuntun tí ẹ máa rí lónìí, ínṣì tó kù lára ẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó kù. Ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ bí tiwọn ṣe ń kà. Tí ẹ bá rí 3/8-16, 3/8 yẹn ni bí ara ṣe nípọn tó ní ínṣì, ó jẹ́ mìlímítà 9.5 àti díẹ̀. 16 yẹn, àlàfo kọ́ o, iye eyín tó wà nínú ínṣì kan ni. Ibẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn lójú rú, torí ní ti mìlímítà, bí nọ́ńbà kejì bá ṣe tóbi tó ni eyín ṣe jìnnà síra tó, ní ti Amẹ́ríkà, bó bá ṣe tóbi tó ni eyín ṣe sún mọ́ra tó. Tí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn, ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, ẹ fi iye eyín pín in: 25.4 sí ọ̀nà 16 jẹ́ bí 1.59, ẹ rí i pé kì í ṣe 1.5.

Bó ṣe di méjì yìí, ìtàn ẹ̀ gùn, mo máa sáré kọjá níbẹ̀. Ní 1841 ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Whitworth, ló kọ́kọ́ ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa lo tẹ́rẹ́ẹ̀dì kan náà, ó fi igun eyín sí digirí 55. Ní 1864 William Sellers ní Philadelphia gbé tiẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn Amẹ́ríkà, digirí 60. Ìgbà ogun Hítílà wá dé, nǹkan tí Amẹ́ríkà ṣe ò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, wọn ò lè fi bóòtù ẹnìkan tún ẹ̀rọ ẹnìkejì ṣe, ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà bá fẹnu kò sórí ọ̀kan tó jáde ní 1949, òun ni UNC fún coarse àti UNF fún fine. Mìlímítà náà digirí 60 ni, ìdí nìyẹn tí ojú lásán ò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Vernier, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, òun náà lè tàn yín jẹ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. M8 àti 5/16 ti Amẹ́ríkà, tí ẹ bá fi vernier wọ̀n wọ́n, méjèèjì lè fún yín ní 7.8 tàbí 7.9, torí 5/16 jẹ́ 7.94, kò sì sí bóòtù tí wọ́n ń gé tó máa pé nọ́ńbà ẹ̀ tán. Pitch nìkan ló máa sọ òótọ́. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ mú ṣóńṣó eyín kan, ẹ pè é ní òdo, ẹ ka mẹ́wàá síwájú. Tó bá bọ́ sí mìlímítà 12 ààbọ̀, 1.25 ni, tó bá bọ́ sí 15, 1.5 ni. 5/16-18 á bọ́ sí bí 14. Tí bóòtù bá kúrú tí eyín ẹ̀ ò pé mẹ́wàá, ẹ mú bóòtù tí ẹ mọ̀ dájú, ẹ fi ara méjèèjì ti ara wọn, eyín nínú eyín, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ ìkan náà, wọ́n á wọnú ara wọn ṣinṣin, ìmọ́lẹ̀ ò ní gba àárín wọn kọjá. Ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan táàpù, irin tí a fi ń gbẹ́ eyín sínú ihò.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí mẹkáníìkì yín mọ̀, ẹ kà á fún un: lára Camry yẹn kan náà tí mo ní mìlímítà ni, ínṣì wà níbẹ̀. Bóòtù tó di bẹ́líìtì ìjókòó mú mọ́lẹ̀, 7/16-20 ni, bẹ́ẹ̀ náà ni lára ọ̀pọ̀ mọ́tò káàkiri ayé, ti Japan ni o, ti Yúróòpù ni o. Ibi tí wọ́n ń yí asẹ́ ọ́ìlì (oil filter) mọ́ lára ẹ́ńjìnì Toyota, 3/4-16 ni. Swíìṣì tó ń wo agbára ọ́ìlì, tẹ́rẹ́ẹ̀dì páìpù ti Gẹ̀ẹ́sì ló ní, eyín 28 nínú ínṣì, ti Amẹ́ríkà tó jọ ọ́ jẹ́ 27, mo ti rí ẹni tó ra géèjì ọ́ìlì láti Amẹ́ríkà tó yí i mọ́ Toyota ẹ̀ tí ọ́ìlì ń kán títí, wọ́n fi tépù wé e, wọ́n tún wé e, ó ń kán, torí eyín 27 ò lè jókòó sínú eyín 28. Fún bẹ́líìtì ìjókòó ní pàtàkì, mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi M10 tàbí M12 dípò ẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí bóòtù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti Explorer ọkọ yín, èmi gan-an, ẹ̀rù òun ló bà mí jù nínú lẹ́tà yín. Sítọ́ọ̀dù táyà (irin tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́) Ford Explorer 2005, 1/2-20 ni, ínṣì pọ́ńbélé, ó nípọn tó mìlímítà 12.7. Toyota Camry àti Honda jẹ́ M12 × 1.5. Nissan M12 × 1.25. Mercedes ńlá àti Land Cruiser ńlá, M14 × 1.5. Fọ́kanáísà ní ìkòkò kan tó kún fún nọ́ọ̀tì gbogbo mọ́tò, ọwọ́ ẹ̀ á bọ́ sí èyí tí sípánà ẹ̀ ń gbà, sípánà 19 sì ń gba orí 3/4 ti Amẹ́ríkà bí ẹni pé wọ́n bí wọn pọ̀, torí 3/4 jẹ́ 19.05. Nọ́ọ̀tì M12 kéré fún sítọ́ọ̀dù Explorer, kò ní wọlé bí wọn ò bá fipá tì í, bí wọ́n bá sì fipá tì í, ó ti bá eyín sítọ́ọ̀dù jẹ́.

Òdìkejì ẹ̀ ló tún burú jù. Ọkùnrin kan gbé Nissan Primera wá bá mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní òun gbọ́ "kọ̀ kọ̀ kọ̀" ní iwájú bí òun ṣe ń bọ̀ lórí Third Mainland, ọlọ́run ṣe é ó sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji, ó rọra wá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lára ẹsẹ̀ yẹn, ti Ford ni, 1/2-20. Ẹ fi 20 pín 25.4, 1.27 ni. Nissan jẹ́ 1.25. Àlàfo eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nọ́ọ̀tì yẹn á wá yí wọlé fẹẹrẹ, kò ní dì, kò ní ké, ẹni tó ń yí i á rò pé òun ti rí i mú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì 12.7 lórí sítọ́ọ̀dù 12, ṣóńṣó eyín nìkan ló kan ara wọn, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ fò. Mo fi ìka lásán fa ọ̀kan, ó mì. Láti ọjọ́ náà, èmi ò kí ń sọ pé "ó wọlé" mọ́, mo máa ń bi ara mi bó ṣe wọlé.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́ sì ni o. Honda àti Toyota, M12 × 1.5 ni méjèèjì, ẹnu nọ́ọ̀tì wọn tó ń jókòó lára wíìlì ò dọ́gba. Ti Honda rí róbótó bí ìdí bọ́ọ̀lù, ti Toyota fún wíìlì irin ṣe ṣóńṣó bí àrọ, fún wíìlì alumíníọ̀mù tí ó bá mọ́tò dé, ó sábà máa ń ní ọrùn gígùn pẹ̀lú wásà pẹrẹsẹ. Ẹ bá gbé ti Honda sí Toyota, ó yí, ó dì, ṣùgbọ́n orí ìlà tín-ín-rín ló jókòó sí, tó bá lọ gba gálọ́ọ̀pù bíi ogún, á tú.

Lọ́jà, ẹ wo orí bóòtù pẹ̀lú kí ẹ tó sanwó. Mìlímítà máa ń ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó, 8.8 tàbí 10.9. Amẹ́ríkà máa ń ní ilà, mẹ́ta ni Grade 5 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 8.8 dọ́gba, mẹ́fà ni Grade 8 tó sún mọ́ 10.9. Bí orí ẹ̀ bá dán láìsí nǹkan kan, kò burú fún bracket páìpù, ẹ má gbé e dé ibi bírékì àti ẹsẹ̀ mọ́tò.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó tú bóòtù mìíràn tó ní orí 14 lára ẹ́ńjìnì yẹn, tó ṣì dára, kó fi ọwọ́ lásán yí i sínú ihò yẹn láì lo sípánà. Bó bá ń lọ pẹ̀lú ìka títí dé ìsàlẹ̀, ihò yín wà láàyè, òun ni M10 × 1.25, ẹ lọ ra irú ẹ̀. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tuntun nínú páálí, ẹ wọ ẹ̀yìn Ládípọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì, ẹ ní kí wọ́n yọ bóòtù alternator Muscle fún yín, ojúlówó Toyota ni yóò jẹ́, gígùn ẹ̀ á sì pé. Gígùn yẹn ṣe pàtàkì o, ihò tí ìdí ẹ̀ dí, bí bóòtù bá gùn jù, á kan ìsàlẹ̀, ẹ á rò pé ó ti le, alternator á ṣì máa mì, ẹni tó bá tún wá fi kún agbára á fọ́ ihò yẹn láti ìsàlẹ̀.

Bí ìka ò bá lè yí i dé ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé bóòtù mẹ́ta yẹn ti ba eyín jẹ́ díẹ̀. Táàpù M10 × 1.25 lẹ máa wá, kí ó rọra yí i lọ, ìlàjì síwájú, ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́yìn, pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, kí ó nu ihò náà mọ́ tó bá tán, torí ọ́ìlì tó bá kù nínú ihò tí ìdí ẹ̀ dí lè fọ́ ọ nígbà tí bóòtù bá ń wọlé. Bí eyín bá ti lọ tán pátápátá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ tóbi kí wọ́n fi 12 sí i, ẹ ní kí wọ́n fi Helicoil sí i, ìyẹn tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin tí wọ́n ń yí sínú alumíníọ̀mù, M10 × 1.25 kan náà lẹ ó ṣì máa lò. Táàpù ti Helicoil yàtọ̀ sí ti lásán, ẹni tó bá ní òun ní ọ̀kan tó ń ṣe méjèèjì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Ní ti Explorer, kí ọkọ yín má gbé e kọjá afárá kankan lónìí. Kí ó gbé e sórí jáàkì níwájú ilé, kí ó tú nọ́ọ̀tì méjì yẹn, kí ó fi nọ́ọ̀tì tó wà lára ẹsẹ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì pààrọ̀ yí i mọ́ sítọ́ọ̀dù méjèèjì pẹ̀lú ìka. Tó bá lọ dé ìdí pẹ̀lú ìka, nọ́ọ̀tì 1/2-20 méjì tuntun nìkan ló máa rà, kí ó gbé ọ̀kan láti ara mọ́tò dání lọ sọ́jà. Tó bá dì ní agbede méjì, sítọ́ọ̀dù yẹn ti bàjẹ́, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì fa tuntun wọlé, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹ kọ̀wé padà sí mi tí ẹ bá ti rí èwo nínú méjèèjì ni.